Ìṣúra Inú Ìwé Àtijọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìwé ti pọ̀ tó ní ayé, kí ó rìn wọ Ṣómólú ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Láti ibẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ Bàrígà, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa dún sí i létí. Yóò rí ọmọkùnrin tí ó ru ìdì bébà lórí. Yóò rí ọkùnrin tí ó ń fi ọmọlanke ti ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Yóò rí obìnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń to ojú ewé lé ara wọn kí a tó dì wọ́n pọ̀. Kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, títí kan ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín ń kà ní kíláàsì, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a gbá àjákù bébà jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹsẹ̀ gbogbo ayé a sì máa tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi ni mo lò ní àdúgbò yìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Mo sì ti rí i pé, bí ẹni tí ń gbé etí odò kì í ti í ka omi sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa tí a ń gbé láàárín ìwé kì í ti í ka ìwé sí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí ó ti gbó, èyí tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tí a kò sì lè rí rà ní ọjà mọ́, bí ó ti wù kí owó ọwọ́ wa pọ̀ tó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ìṣúra. Ẹ má ṣe rò pé wúrà àti fàdákà nìkan ni ìṣúra. Bí wúrà bá sọnù, a lè wa òmíràn nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní ayé, bí iná bá jó o, tàbí bí ikán bá jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn.

Bí a bá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ní ìlú Èkó, èyí tí a ṣí ní ọdún 1957, a óò rí ẹwà ère idẹ àti ère igi ibẹ̀ láti òkèèrè. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ni ìwé ń fi ẹwà tirẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá ṣí i, tí kò sì fara balẹ̀ kà á, eruku nìkan ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí ilé. Ní Bàrígà ni CMS Grammar School wà lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní erékùṣù Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré, ó sì di ọdún 1959, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó tó ṣí wá sí Bàrígà. Macaulay yìí ni ó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Crowther náà sì ni ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó di òmìnira ní Sàró, tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Ìwé wà ní ìdílé náà láti orí bàbá àgbà dé orí ọmọ-ọmọ.

Ọkùnrin méjì wà tí wọ́n kọjá nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí ó ṣì wà ní erékùṣù. Ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, èyíinì ni Herbert Macaulay, ọmọ olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Èkejì wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí Herbert ti jáde, èyíinì ni Henry Carr. Ìtàn àwọn méjèèjì yóò kọ́ wa ní ohun tí ìṣúra inú ìwé jẹ́.

Ní Èkó ni a bí Henry Carr ní ọdún 1863. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Freetown, ó gba oyè Yunifásítì Durham, ó sì padà sí Èkó ní ọdún 1885 láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba. Ó di alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gòkè títí ó fi di aṣojú ìjọba tí ń ṣe àkóso Èkó láti ọdún 1918 sí 1924, ipò tí ó ṣọ̀wọ́n kí a fi ọmọ ilẹ̀ wa sí ní ayé òyìnbó. Ṣùgbọ́n ipò a máa kọjá lọ. Ohun tí Carr fi sílẹ̀ tí kò kọjá lọ ni ìwé. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1945, ìwé tí ó kó jọ tó nǹkan bí 18,000. Ẹ fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá ń ka ìwé kan ní ojúmọ́ kan, láìfi ọjọ́ kankan sinmi, yóò lò ju ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lọ kí ó tó kà wọ́n tán. Ìjọba ra àwọn ìwé náà. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, èyí tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, ìwé Carr ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé rẹ̀. Ìwé tí ẹnìkan fi owó oṣù rẹ̀ rà di oúnjẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀nà mìíràn ni Herbert Macaulay gbà. Ọdún 1864 ni a bí i. Ìjọba rán an lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó padà dé ní ọdún 1893, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ìjọba jà nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ará Èkó. Òun ni ó tẹ̀lé Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá. Ní ọdún 1921, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá Olóyè Olúwa láre pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba, ti àwọn ará ìlú ni, ìjọba sì san £22,500 nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní Èkó. Ní gbogbo àkókò ìjà wọ̀nyí, ó ń pa bébà mọ́. Lẹ́tà tí ó kọ àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, ìwé ìròyìn, ìwé ẹjọ́, ìwé pélébé tí a fi ń bá ìjọba jiyàn, ó tọ́jú wọn. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 1946, Ìbàdàn ni a kó àwọn bébà rẹ̀ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ Carr àti Macaulay kò wọ̀ rárá nígbà ayé wọn. Ti ìjọba ni Carr ń ṣe. Ti Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí, ọba Èkó tí ìjọba ń bá jà, ni Macaulay ń ṣe. Ní ọdún 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde tí ohun tí a kọ sí ojú rẹ̀ gan-an fi ń pariwo pé dandan ni kí Henry Carr kúrò. Ẹ wá wo iṣẹ́ Olódùmarè: abẹ́ òrùlé kan náà ni ìwé àwọn ọ̀tá méjèèjì wà lónìí, ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn tí a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, pè. Ẹ̀rọ amúlétutù kan náà ni ó ń fẹ́ sí wọn lára. Ọwọ́ olùtọ́jú ìwé kan náà ni ó ń gbọn eruku wọn dànù.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ sun ìwé ọ̀tá rẹ̀ níná. Bí a bá ka ti Macaulay nìkan, a óò rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni Carr. Bí a bá ka ti Carr nìkan, a óò rò pé arógunyọ̀ ni Macaulay. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka ti àwọn méjèèjì, a óò rí i pé ọ̀kan gbà pé ẹ̀kọ́ àti sùúrù ni yóò gbé wa ga, èkejì sì gbà pé ìjà fún ẹ̀tọ́ ni. Àwa tí a wà lẹ́yìn wọn sì jẹ nínú èrè àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ìkàwé tí a bá tọ́jú dáadáa ni kì í jẹ́ kí a di àgbà òṣìkà sí àwọn òkú.

Àwọn ìwé tí mo ti ń sọ títí di ìsinsìnyí ni àwọn tí ó rí olùtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí olùtọ́jú rárá. Àlùfáà Samuel Johnson ni a bí ní Sàró ní ọdún 1846. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni baba rẹ̀ ti wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn. Ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí ogun, ó sì wà lára àwọn tí ó jíṣẹ́ láàárín Aláàfin àti àwọn ọ̀gágun nígbà tí a ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì, tí a fi parí rẹ̀ ní ọdún 1886. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó ń tẹ́tí sí àwọn arọ́kin ààfin, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1897, ó parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọdún 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí àbúrò Johnson, Dókítà Obadiah Johnson, lọ sí ìlú òyìnbó ní ọdún 1900, ó yà síbẹ̀ láti béèrè. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí àwọn gbé ìwé náà sí, àti pé àwọn ti múra tán láti san owó rẹ̀. Owó kẹ̀! Èló ni a óò dá lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tí ó ti kú? Ní ọdún 1901, Samuel Johnson fúnra rẹ̀ kú láìrí ìwé rẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá ṣe pé ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n Johnson kò sọ àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ó ti kọ́kọ́ kọ nù. Àwọn ni àbúrò rẹ̀ kó jọ, tí ó jókòó tì, tí ó sì fi tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà kò jẹ́ kí ó ráàyè, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, ó sì di Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé náà. A tún ti sọ ìrètí nù, kí ó tó wá dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Nígbà náà, nítorí ogun, ohun èlò ìtẹ̀wé ti gbówó lórí ju agbára lọ, a sì tún ní láti dúró. Obadiah Johnson kú ní ọdún 1920. Ọdún kejì, ní 1921, ni ìwé náà jáde. Kò sí ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó fi ojú rí i. Lónìí, kò sí onímọ̀ ìtàn Yorùbá kan, ibi yòówù kí ó wà ní ayé, tí kò ní ṣí ìwé Johnson. Àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ẹnìkan kò sọ nù ni ó gbà á là.

Kì í sì í ṣe ìwé ńláńlá nìkan ni ó ń di ìṣúra. Láàárín ọdún 1929 àti 1930, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, obìnrin tí ó fi ayé rẹ̀ ṣòfò, tí ó wá ń kábàámọ̀ lórí àìsàn. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà náà. Ní ọdún 1930, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kà á tán lè fi di ẹ̀pà. Síbẹ̀, àwọn kan tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ní ọdún 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé sì wá mọ̀ pé ìtàn àròsọ Yorùbá ti wà ní Èkó ṣáájú ìwé Fágúnwà ti ọdún 1938.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe rò pé nítorí tí mo jẹ́ ọlọ́gbọ́n ni mo ṣe ń kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ṣíwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo ṣíwájú jìn sí kòtò.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo jẹ́ olùkọ́ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa yìí. A gbọ́ pé alábòójútó ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò. Wọ́n ní kí n tún yàrá ìkẹ́rù ṣe. Mo bá àpótí igi kan níbẹ̀ tí ó kún fún rẹ́jísítà àtijọ́, pẹ̀lú ìwé ńlá tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí láti ìgbà ìpìlẹ̀. Ọ̀rinrin ti mú wọn, aáyán ti jẹ etí wọn. Èmi kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pe àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo ní kí wọ́n kó wọn fún ìyá alákàrà tí ń tà ní ẹnu géètì. Inú ìyá náà dùn, inú tèmi náà sì dùn pé yàrá mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ra àkàrà; nígbà tí mo tú u, mo rí ìkọ̀wé dáradára lórí bébà tí òróró ti rin, níbi tí ọ̀gá kan ti kọ ọ́ pé ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ní òru, ṣùgbọ́n pé gbogbo ọmọ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ àkàrà mi, mo sì ju bébà náà nù.

Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí bàbá àgbàlagbà kan fi wọlé tọ̀ wá wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí àwa tí ó lè bí, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí ọjọ́ orí mi wá kí wọ́n tó fún mi ní owó ìfẹ̀yìntì. Bàbá mi ni ó mú mi wá ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó sì ṣojú mi nígbà tí ọ̀gá kọ orúkọ mi àti ọdún tí a bí mi sínú ìwé ńlá kan.” Ara mi tutù. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ fún un, kò bú mi. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Kò burú, ọmọ mi,” ó sì mú ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ìró ọ̀pá náà bí ó ti ń lọ, ọkàn mi kì í balẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n ní olè, ṣùgbọ́n mo ti mú ohun ìní rẹ̀ fún ẹlòmíràn di àkàrà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ìwé ni ó ń sọ ọ́ di ìṣúra, kì í sì í ṣe ẹwà rẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò fi nílò rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ìṣúra. A kò sì lè mọ ọjọ́ náà ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike mọ èyí. Òun ni ó ṣe ìwádìí àwọn bébà àtijọ́ tí ó ń bàjẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba káàkiri. Ní ọdún 1954, a dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn, òun ni ó sì di ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Ọ̀tá ìwé pọ̀: ikán, aáyán, eku, òjò, oòrùn àti iná. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ọmọ ènìyàn tí ń yára sọ nǹkan nù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ palẹ̀ ilé mọ́, kí ẹ tó kó bébà kan dànù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà pé ta ni ó kọ ọ́, kí ni ó wà nínú rẹ̀, ǹjẹ́ òmíràn sì wà níbòmíràn? Lẹ́tà bàbá yín àgbà, ìwé ilẹ̀, àwòrán ìgbéyàwó, ẹ kó wọn sínú àpótí tí ó gbẹ, kí ó ga kúrò nílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ojú tí gbogbo ilé mọ̀ lónìí di ojú àlejò ní ogójì ọdún. Bí ẹ bá sì ní àǹfààní láti wọ ilé ìkàwé tí ìwé ṣíṣọ̀wọ́n wà, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi bírò sílẹ̀, pẹ́ńsù ni kí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi itọ́ ẹnu ṣí ewé ìwé, ẹ má sì ṣe ká etí rẹ̀. Àlejò ni yín níwájú ìwé náà; ó ti wà kí a tó bí yín, ó sì yẹ kí ó wà lẹ́yìn yín.

Ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti ọdún 1970 ni òfin ilẹ̀ wa ti pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ń ṣe ìwé jáde máa fún ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè ní ẹ̀dà mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ rán wọn létí. Ìwé ètò ìsìnkú tí ń jáde nínú ẹ̀rọ lónìí, tí ìtàn ìgbésí ayé ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀, lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí a óò ti rí orúkọ ìyá náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún òní.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá bá ìwé, tí kò sì bá àgbà tí yóò rọ́ ọ fún un, kí ni yóò bá? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ yín sọ ogún rẹ̀ nù bí ti bàbá tí ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ ní ọjọ́ sí.